Ohùn Àgbà Nínú Yàrá Omi

Omi ti mu Ìbíyẹmí dé orúnkún, síbẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn kankan. Ó dúró láàárín yàrá ìdánwò, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ara ògiri rọ̀ dáadáa, ohùn ìyá tó ti pẹ́ láyé, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni kánjú.

"Ọmọ mi, fara balẹ̀," ni ohùn náà ń wí. "Ìlẹ̀kùn ìlà-oòrùn ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé lórí odi yìí, àwọn àgbà a máa sọ fún wa pé ìlẹ̀kùn ìlà-oòrùn ni olórí ọ̀ràn. Jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Ìbíyẹmí dáhùn. Omi dé itan rẹ̀.

Lórí àga ẹlẹ́rìí, lẹ́yìn gíláàsì, Adétóún di apá àga mú títí ìka fi ń dùn ún. Kì í ṣe omi tòótọ́. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni ẹ̀rọ fi ṣe é, kò sì lè pa èèyàn. Ohun tó ń pa Adétóún ni ohùn yẹn, nítorí pé ohùn tirẹ̀ ni. Ọdún tó di ọ̀gá àgbà ni Àjọ Odi Omi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gba ti àwọn ọ̀gá yòókù mọ́ ọn, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìdánwò. Ẹ̀rọ ló ń hun ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ohùn wọn ló kàn ń yá lò. Wọ́n ní kí ó máa fi ọ̀rọ̀ ṣíṣì dí ẹni tó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó lè pàṣẹ nígbà tí onímọ̀ràn bá pọ̀.

"Já lu ọ̀rọ̀ mi," ni Adétóún ń wí nínú ikùn. "Sọ pé kí n panu mọ́. Dákun, ọmọ yìí, sọ pé kí n panu mọ́!"

Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ Ìbíyẹmí nírú ìyẹn? Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́ dàgbà ní Ìjẹ̀bú, ọmọ tí wọ́n máa ń fi ojú bá wí bó bá wúkọ́ níbi tí àgbà ti ń sọ̀rọ̀, níbo ni yóò ti rí ẹnu tí yóò fi dá àgbà lẹ́kun? Ó gbọ́ ìtàn ìlẹ̀kùn ìlà-oòrùn dé òpin. Ó tún ní "Ẹ ṣeun, mà." Kó tó na ọwọ́, omi ti bò ó lórí. Iná pupa tàn, omi sì pòórá, ó ku ọmọ náà nìkan lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ó ṣubú," ni Kúforíjì, alága ìdánwò, wí bí ẹni ń kéde pé oúnjẹ ti jinná. "Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Ó ku ẹyọ kan."

Kò sí ará Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ó ku ẹyọ kan." Ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta kò tún ní fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn omi mọ́ láyé. Ilé ìfami ni wọ́n ń rán an lọ, kó máa fọ ẹrẹ̀ lára pọ́ńpù títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣirò Ìbíyẹmí ló mú kí odi ìwọ̀-oòrùn dúró nígbà ìjì ọdún tó kọjá. Òkun ti gba Èkó, ó sì ń wo Ẹ̀pẹ́ bí ológbò ṣe ń wo ẹja yíyan. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká fi máa fọ ẹrẹ̀?

Adétóún bá Ìbíyẹmí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti fẹ̀yìn ti ògiri. Atọ́nà, ẹ̀rọ kékeré bí hóró ẹ̀wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ odi ń kì bọ etí, ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dákẹ́ débi pé Adétóún ń gbọ́ ọ.

"O pẹ́ jù," ni Atọ́nà wí. "Nígbà mìíràn, tètè gbé ìgbésẹ̀. Ṣé kí á tún ẹ̀kọ́ lórí ìyára ṣe?"

"A ti tún un ṣe, a tún un ṣe, ó ti sú mi!" Ìbíyẹmí fà á yọ létí. Ó rántí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó dá a padà. Ìgbà náà ló rí Adétóún, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Dìde, jàre."

"Mà, ẹ wà níbẹ̀, ẹ fojú yín rí i. Kí ni mo ṣe? Ó ní mo pẹ́. Mo mọ̀ pé mo pẹ́! Kí ló ń mú mi pẹ́?"

Adétóún la ẹnu. Òrùka àṣẹ tó wà ní ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀gá kan bá fẹ́ bá ọmọ abẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ gbóná, yóò tàn, yóò wá fún mọ́ ìka, bí ọ̀rọ̀ bá sì jáde tán, yóò han dé ọ̀dọ̀ Àjọ. Òrùka yìí kan náà ló ń ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn tó wà lára odi. Ọ̀gá tí wọ́n bá gba tirẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà wọlé mọ́.

"Béèrè lọ́wọ́ Atọ́nà rẹ," ló wí. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí wọn kò fọ̀.

"Ó dáa, mà," ni Ìbíyẹmí sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òfin Ọgbọọgba, tí òrùka náà ń ṣọ́, kò burú nígbà tó dé. Adétóún wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà yẹn, àna ọ̀gá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá àti ọmọ ọ̀rẹ́ ọ̀gá nìkan ló ń rí àkàbà gùn. Ni wọ́n bá ṣe òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹnì kan ní ohun tí kò kọ́ gbogbo ènìyàn. Kí ẹ̀rọ máa kọ́ tẹrú tọmọ, ẹ̀rọ kò kúkú ní àna. Òótọ́ ni, kò ní àna. Kò sì ní ìyá àgbà, kò mọ ohun tí ìyá àgbà ẹni fi sí èèyàn lára. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Kí òfin náà tó dé, Màmá Abọ́sẹ̀dé, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣọ́ ìlẹ̀kùn omi, fa Adétóún wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná ilé iṣẹ́, ó ní: "Nínú yàrá yẹn, kò sí àgbà. Ẹ̀rọ ni. Kódà bó bá fi ohùn bàbá rẹ sọ̀rọ̀, dá a lẹ́kun." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adétóún wọlé, ó dá ẹ̀rọ lẹ́kun, ó yege. Láti ìgbà tí òfin ti dé, kò sí obìnrin kan tó tún yege. Àwọn ọkùnrin ń yege ní tiwọn.

Ó bá Kúforíjì níbi tó ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní ilé oúnjẹ, ó fa àga, ó jókòó láìdúró de ìpè.

"Kúforíjì, báwo ni àwọn ọmọkùnrin yín ṣe mọ̀ pé àwọn lè já lu ọ̀rọ̀ àgbà nínú yàrá yẹn?"

"Ọ̀gá Tóún, ẹ jẹ́ n jẹun ná." Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ìkọ́kọrẹ́ sẹ́nu. "Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹja la máa ń lọ pa lọ́jọ́ Sátidé. Òrùka kì í ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sà. Bí ẹja ò bá jẹ ìwọ̀, ṣé ká máa wo ara wa níran ni? Ọ̀rọ̀ a máa bọ́ lẹ́nu."

"Ẹ máa mú àwọn ọmọbìnrin dání nígbà náà."

"Nínú ọkọ̀ ojú omi? Láti àárọ̀ dalẹ́? Kí ìyàwó mi wá bi mí léèrè pé irú ẹja wo ni mo ń pa?" Ó mi orí. "Kò bójú mu, Ọ̀gá Tóún."

"Ẹ yọ ohùn mi kúrò nínú ẹ̀rọ, ó tán!"

"Ẹ ti sọ ọ́ nípàdé, a sì ti dá yín lóhùn. Ẹ̀rọ kan náà, omi kan náà, ohùn kan náà, tọkùnrin tobìnrin. Ṣé ẹ fẹ́ ká ṣe ojúsàájú fún obìnrin ni?" Ó nu ẹnu. "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ká mọ ìṣirò, ọ̀tọ̀ ni ká lè pàṣẹ."

Inú bí Adétóún. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò rí irọ́ kankan mú nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Gbogbo rẹ̀ bá òfin mu. Wọ́n ti to ìwà ìrẹ́jẹ náà dáadáa, wọ́n nù ún, ó ń dán, kò síbi téèyàn yóò ti dì í mú. Ó dìde, ó fi Kúforíjì àti ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá jókòó, á gbọ́ "Ẹ ṣeun, mà." Bó bá ń jẹun, á gbọ́ ọ. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò máa jí ṣe láàárọ̀ bí wọ́n bá gba òrùka náà. Kò lọ́kọ mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ sí òkè, níbi tí omi kò lè dé. Odi yìí nìkan ló kù fún un. Òun ló mọ ìró ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, òun ló mọ èyí tó máa ń fa ìdí nílẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ó bínú sí òfin, ó bínú sí Kúforíjì, ó sì bínú sí ara rẹ̀ tó ń ro ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ ṣègbé.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ìdánwò kẹta, ó rí Ìbíyẹmí lórí odi tó ń yẹ ìlẹ̀kùn wò. Afẹ́fẹ́ òkun ń fa ìborùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

"Ìbíyẹmí, wá."

"Mà, òrùka yín ń tàn."

"Jẹ́ kó máa tàn. Fetí sílẹ̀. Nínú yàrá yẹn, kò sí àgbà kankan. Ohùn tó ń bá ọ sọ̀rọ̀, èmi kọ́. Ẹ̀rọ ni. Ó kàn ń fi ohùn mi dá ọ dúró ni. Bó bá ti la ẹnu, já lù ú. Ní kó dákẹ́, kí o sì pa àṣẹ tìrẹ."

Òrùka fún ìka rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fún pọ̀. Ó wá han, ó han bí ọmọ tí ebi ń pa, ó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Àjọ.

Adétóún ń retí ọpẹ́. Kò rí ọpẹ́.

"Ìyẹn nìkan?" ni Ìbíyẹmí béèrè.

"Ìyẹn nìkan."

"Ohun tí mo fi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn? Mà, mo ti sunkún títí ojú mi fi wú. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mi ò tún kọ́. Mo sọ fún ìyá mi pé ó jọ pé orí mi ò gbé iṣẹ́ yìí, pé kí wọ́n máa fi mí sínú àdúrà. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ!"

"Òfin ni kò jẹ́ kí…"

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́!" Ohùn rẹ̀ ti ga ju ti afẹ́fẹ́ lọ. "Ẹ jókòó, ẹ ń wò mí. Ẹ tún wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, mà! Orí mi wọ́, ẹ ń wò ó!"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbóhùn sókè sí Adétóún bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun. Síbẹ̀ ó ń gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó sì ń rò ó pé ohùn tí wọ́n nílò nínú yàrá yẹn gan-an nìyí. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Má bínú."

Ìbíyẹmí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àṣà tó ti mọ́ ọn lára kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dágbére.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àjọ ránṣẹ́ pé lẹ́yìn ìdánwò ni wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ òrùka tó han, nítorí òfin kò gba ìdánwò láìsí ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni Adétóún tún ṣe jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Àwọn tí tiwọn kàn lẹ́yìn Ìbíyẹmí, tọkùnrin tobìnrin, ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

Omi bẹ̀rẹ̀. Ohùn bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, fara balẹ̀. Jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà ìjì ńlá."

Ìbíyẹmí káwọ́ sẹ́yìn. Ó tẹ orí ba. Omi dé orúnkún rẹ̀. "Ẹ ṣ…" ló bẹ̀rẹ̀, Adétóún sì di ojú.

"Ẹ dákẹ́!"

Adétóún la ojú. Ọmọ náà ti gbé orí sókè.

"Gbọ́, ọmọ mi, àwọn àgbà ní…"

"Mo ní ẹ dákẹ́, mà! Mi ò fẹ́ gbọ́! Ìlẹ̀kùn ìwọ̀-oòrùn, tì! Àárín, tì! Pọ́ńpù gbogbo, ẹ fà á!"

Omi dúró ní ìbàdí rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, bí omi inú ẹ̀rọ ìdánwò ṣe máa ń ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Kúforíjì tẹjú mọ́ iná náà títí. "Ó yege," ló wá sọ. Ó kọjú sí ọmọ náà. "Ṣùgbọ́n òrùka kan han lánàá. Ìbíyẹmí, òfin ló ní kí n bi ọ́. Ṣé ẹnì kan kọ́ ọ ní ohun tí kò kọ́ gbogbo ènìyàn? Mọ̀ pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, yíyege rẹ di asán."

Adétóún fò dìde. "Alága, èmi ni mo jẹ̀bi. Ọmọ náà kò bẹ̀ mí. Èmi ni mo pè é, èmi ni mo…"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Ìbíyẹmí kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Èmi ni wọ́n ń bi."

Adétóún padà jókòó.

"Wọ́n kọ́ mi, sà," ni Ìbíyẹmí wí. "Lánàá ni. Mo bínú títí, lẹ́yìn náà ni mo wọ ilé ìfami lọ, mo sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin tó ń fọ pọ́ńpù. Mo sọ ọ́ ní èbúté láàárọ̀ yìí níbi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló ti gbọ́ ọ, tọkùnrin tobìnrin wọn. Mi ò ní òrùka, kò sí ohun tó han. Òfin ní ká má kọ́ ẹnì kan ní ohun tí a kò kọ́ gbogbo ènìyàn. Ó wá ku ta ni, sà? Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ níbi tí ẹ ti ń pẹja."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fi ikọ́ bò ó. Kúforíjì àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ forí korí. Wọ́n jiyàn, wọ́n fọwọ́ lu tábìlì, wọ́n tún jiyàn. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, inú wọn kò dùn. Wọn kò rí òfin tí wọ́n lè fi gba ìyege ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó kù tí yóò sọ pé òun ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ti òrùka yàtọ̀. Ní wákàtí tó han, ẹnì kan ṣoṣo ni Adétóún bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ na ọwọ́, Ọ̀gá Tóún," ni Kúforíjì wí, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ó na ọwọ́. Wọ́n gé òrùka náà. Awọ ìka tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Ìbíyẹmí ń wò ó láti òkèèrè. Kò wá dì mọ́ ọn, kò sì dúpẹ́. Ó kàn dúró sójú kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ìbínú àná kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Adétóún kò dá a lẹ́bi. Ó mi orí sí i, ó jáde.

Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa tún dákẹ́ fún àgbà nínú yàrá náà. Ó lọ síbi ìlẹ̀kùn ìta, ó na ìka sí i bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé odi. Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ó tún na ìka. Ó wá rántí. Ìgbà náà ni ẹkún gbọ̀n ọ́n, nítorí ìlẹ̀kùn, nítorí gbogbo ọdún tó fi dákẹ́, nítorí Kúforíjì tí yóò lọ pẹja lọ́jọ́ Sátidé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá ìdánwò, ó ń retí ẹni tó lórùka tí yóò kọjá, kó bá a ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n ti pe ẹni tó kàn wọlé. Kò tíì sẹ́ni tó rántí yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀ láti inú ògiri, pẹ̀lú sùúrù tó ti ba ayé àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́: "Ọmọ mi, fara balẹ̀. Jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ."

"Ẹ panu mọ́, mà!" ni ọmọ kan kígbe, ọmọ tí Adétóún kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Kò sí èébú tó dùn mọ́ Adétóún bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń dúró de ẹni tó kàn.